Ọ̀sẹ̀ Kan ní Èkó Ìyá Jùwọ́n

"Olúwajùwọ́n, mo ní ibo nìyí?"

Ohùn Ọmọlabí ròkè débi pé àwọn ọlọ́kadà tó ń du èrò létí títì dákẹ́, tí wọ́n yíjú sí i. Ó gbá búrẹ́dì àti ọsàn tó fẹ́ fi kí ìyá ọkọ rẹ̀ ọ̀la mọ́ àyà, kò sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú mọ́.

Jùwọ́n ní ilé àwọn ò jìnnà mọ́, pé tí àwọn bá ti yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo yẹn, ó tán.

"Mi ò bi ẹ́ bó ṣe jìnnà tó. Èkó lo ní ò ń gbé. Láti Berger la ti kẹ̀yìn sí Èkó. A kọjá Ibafo, mo dákẹ́, mo ní bóyá ẹnì kan lo fẹ́ yà kí. Ibo nìyí?"

"Mowe." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

"Ìpínlẹ̀ wo ni Mowe wà?"

"Ọmọlabí, jọ̀ọ́."

"Ìpínlẹ̀ wo?"

"Ògùn."

Ọmọlabí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì ní adùn kankan nínú. Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà tí Ibogun wà, níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló ti ń sunkún, tó ń bá ìyá tó tọ́ ọ jà nítorí ọkọ Èkó, àṣé ọkọ ọ̀hún ò sí l'Ékòó.

Jùwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní gbogbo àdúgbò àwọn ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó ń jáde ní Mowe kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń padà nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, Èkó ló ti ń làágùn, oorun nìkan ló kàn ń wá sùn nílé. Ó ní ìyá òun pàápàá, láti ìgbà tí bàbá òun ti kọ́lé síbí, tí wọ́n sì kó kúrò ní Muṣin, kò tíì jẹ́wọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan pé àwọn ti kúrò l'Ékòó.

"Irọ́ tí gbogbo àdúgbò ń pa, irọ́ náà ni," Ọmọlabí dá a lóhùn. "O mọ̀ pé nítorí Èkó ni Ìyá Àgbà ò ṣe fẹ́ gbà. Ojú ẹ ni mo ṣe ń sunkún. Ẹnu ẹ ò wá lè là kó sọ pé ẹ̀yìnkùlé wa lo wà?"

"Nígbà tí mo fi máa mọ̀ pé Èkó ni wọ́n kórìíra, Mùsáfírù ọmọ wọn ti fi Èkó júwe mi fún wọn. Tí mo bá wá yí ohùn padà, wọ́n á ní torí kí n lè rí ọmọ fẹ́ ni mo ṣe sọ ìlú mi nù."

Òótọ́ ni ìyẹn. Pé ó jẹ́ òótọ́ ló sì tún bí Ọmọlabí nínú jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé èèyàn burúkú ni Jùwọ́n. Aṣọ iléèwé ni Ọmọlabí ń rán, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ajuwọn. Jùwọ́n wá gbé iná sọ́là sórí òrùlé ẹni tó múlé tì í. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ìṣó há a ní ṣòkòtò, ó sì ya á láti ìdí dé orúnkún. Kí ló kù kó ṣe? Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù Ọmọlabí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn. Ọmọlabí na aṣọ iléèwé aláwọ̀ búlúù kan sí i pé kó ró, ó gba ṣòkòtò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Ọkùnrin gìrìwò jókòó sórí àpótí, ó fi aṣọ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ró ìdí. Ọmọlabí ò fẹ́ kí ojú tì í jù, ló bá bi í pé níbo ló ń gbé. Ọkùnrin tó wà nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní láti wá nǹkan kan tó máa fi gbórí sókè. Ó ní, "Èkó." Ó sọ ọ́ tán, ó rí i pé ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ sì dùn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún mú ṣòkòtò mìíràn wá. Kò sí ibì kankan tó ya lára ìyẹn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìfẹ́ tó ti ara ṣòkòtò yíya wọlé, irọ́ kékeré kan ló bá a wọlé.

Ìyá Àjíbíkẹ́ ló wá ṣòro. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá Ọmọlabí, òun náà ni Ìyá Àgbà tó tọ́ ọ dàgbà. Bàbá kú nígbà tí Ọmọlabí ṣì ń rá. Kí eyín ọmọ náà tó máa yọ, ìyá rẹ̀ fọ aṣọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sá a sórí okùn, ó ní òun fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan péré l'Ékòó lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun. Aṣọ gbẹ. Òjò pa á. Ó tún gbẹ. Ìyá Àjíbíkẹ́ ló ká a nígbẹ̀yìn. Wọ́n gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti fẹ́ ọkùnrin kan níbẹ̀, pé ara rẹ̀ le, pé kò ní padà wá. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Èkó níwájú Ìyá Àjíbíkẹ́, bí ẹni dárúkọ jàgùdà ni. Ìyá yìí ń kírun, Ọmọlabí ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó fi ìyẹn jà nílé náà rí. Èkó nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀.

Mùsáfírù, ọmọ ìyá yìí, tó ń wa takisí láàárín Ifọ̀ àti Ibogun, ló ṣe alárinà. Òun ló mú Jùwọ́n wá, tí Jùwọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀. Ìyá béèrè pé ọmọ ibo ni. Mùsáfírù mọ̀ dájú pé Mowe ni, ó ti gbé e délé rí. Ṣùgbọ́n alárinà tí kò bá fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀, kí ló wá ṣe? Ó ní ọmọ Èkó ni, Èkó gangan. Ìyá ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Jùwọ́n wà ní ìdọ̀bálẹ̀ títí adìyẹ fi ń rìn kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n rán ìmáàmù sí i, wọ́n rán ìyálé ilé sí i. Kò gbà. Ohun tó wá mú un rọ̀ ni pé Ọmọlabí ò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó wá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Àgbà, mi ò ní sá lọ. Tí ẹ ò bá gbà, n ò ní lọ. Ṣùgbọ́n n ò ní fẹ́ ẹlòmíràn." Ó dìde, ó lọ fọ abọ́.

Nígbà tó ṣe, Ìyá Àjíbíkẹ́ pè é.

"Màá lọ. Ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá ẹ ní òun ń lọ lò yẹn, èmi náà á lọ lò ó. Màá sùn nílé wọn. Màá wo ojú ìyá ọmọkùnrin yẹn. Màá wo ohun tí Èkó ń fún èèyàn jẹ tó fi ń gbàgbé ọmọ. Tí mo bá padà dé, màá dáhùn."

Nítorí ìbẹ̀wò yẹn ni Ọmọlabí ṣe kọ́kọ́ fẹ́ wá kí ìyá Jùwọ́n, ìdí nìyẹn tó fi dúró sétí títì ní Mowe pẹ̀lú búrẹ́dì láyà. Ó ronú títí. Tó bá lọ tú àṣírí náà fúnra rẹ̀, Ìyá Àgbà á ní òpùrọ́ lọkọ rẹ̀, ẹjọ́ á sì parí síbẹ̀. Tó bá dákẹ́, òun náà di òpùrọ́. Ó kọjú sí Jùwọ́n.

"Ìwọ lo so ó, ìwọ náà ni wàá tú u. Kí Ìyá Àgbà tó kúrò nílé yín, kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Tí wọ́n bá gbé irọ́ yìí padà dé Ibogun, èmi náà á bá wọn padà, n ò sì ní bojú wẹ̀yìn."

Ó gbé búrẹ́dì náà lé e lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ padà sí Ajuwọn. Kò kí ìyá ọkọ kankan lọ́jọ́ náà.

Ní Ibogun, Mùsáfírù jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń kọ́ ọ bí àlejò ṣe í lo ọ̀sẹ̀ kan l'Ékòó. Mùsáfírù tí kò sùn mọ́jú l'Ékòó rí, tó jẹ́ pé gáréèjì ló ti ń yí orí ọkọ̀ padà. Ẹ wá gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ kí ẹni tí kò mọ̀, kò sì gbọdọ̀ dáhùn ẹni tó bá kí i, torí ẹni tó bá kí èèyàn l'Ékòó, ó ní nǹkan tó fẹ́ gbà. Ó ní àpò kì í gbé ẹ̀yìn, iwájú ló ń gbé. Tó bá ń lọ wẹ̀, kó gbé e dání. Ó ní kó má jẹ oúnjẹ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ dé. Tí wọ́n bá ń pè é láti ẹ̀yìn, kó má yíjú. Tó bá rí ilé alájà, kó má gbójú sókè wò ó, àlejò nìkan ló ń gbójú sókè. Tí wọ́n bá sì bi í pé níbo ló ti wá, kó má dárúkọ Ibogun.

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Òṣòdì," ni Mùsáfírù wí. "Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tínú ń bí."

Ìyá kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni ń kọ́ súrà. Ó di ẹrù rẹ̀ sínú àpò aláwọ̀ ewé kan. Ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà sí i. Lẹ́yìn náà ó ṣí àpótí, ó mú ìró àdìrẹ kan tó ti ń ṣá jáde, ó ká a sí ìsàlẹ̀ àpò náà pátápátá. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Láti Ibogun sí Mowe, ọ̀nà Ọ̀fàdà ló yá jù. Àmọ́ báwo ni Mùsáfírù ṣe máa gba ọ̀nà Ọ̀fàdà gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Èkó? Ó gbé e gba Ifọ̀, ó gbé e gba Sango, ó kó wọ Ajuwọn, ó sì jáde sí Berger. Níbẹ̀ ló ti jí i. Ó ní, "Ìyá, Èkó rèé." Ìyá rí afárá, ó rí èrò bí eéṣú. Kò gbójú sókè. Ó ṣe bísímílà, ó gbá àpò mọ́ra, ó di ojú. Mùsáfírù yí orí ọkọ̀ padà, ó kọ ojú sí ọ̀nà Ìbàdàn, ó sáré kọjá Ibafo. Nígbà tí ìyá lajú, oòrùn tó ti wà lápá òsì rẹ̀ ti bọ́ sápá ọ̀tún. Àgbẹ̀ ni, ó rí i. Ó kàn ní bóyá bí oòrùn Èkó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìyá Jùwọ́n ti dúró sẹ́nu géètì láti àárọ̀. Ó wọ aṣọ tí àwọn dìkónẹ́ẹ̀sì máa ń wọ̀ lọ síbi ìdúpẹ́ ọdún, ó ti sè, ó ti gbá ojúlé dé ojú títì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá wa. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Ìyá Àjíbíkẹ́ kọjú sí ògiri.

Ìyá Jùwọ́n rò pé kò gbọ́. Ó na ọwọ́ láti gba àpò. Ìyá Àjíbíkẹ́ gbà á padà, ó fi pamọ́ sábẹ́ apá. Ìyá Jùwọ́n fi sùúrù bi í pé ará Ibogun ńkọ́.

"Òṣòdì ni mo ti wá," ni Ìyá Àjíbíkẹ́ wí, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tínú ń bí.

Mùsáfírù ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà, ó ti ń lọ.

Iyán funfun àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹran bò mọ́lẹ̀ ni Ìyá Jùwọ́n gbé kalẹ̀. Ìyá Àjíbíkẹ́ dúpẹ́, ó yọ ẹ̀kọ àti àkàrà tirẹ̀ nínú àpò, ó jẹ ẹ́. Ó gbé àpò dání lọ sí balùwẹ̀, ó gbé e jáde, ó sì fi rọrí sùn. Nígbà tí Jùwọ́n ti ibi iṣẹ́ dé, ìyá rẹ̀ fà á wọ ilé ìdáná.

"Ṣé májèlé ni mo sè? Ṣé olè ni mí nínú ilé tí bàbá ẹ kọ́? Ó ń gbé àpò wẹ̀, Olúwajùwọ́n. Níwájú mi. Bí àwọn àna tí o fẹ́ mú wá fún mi ṣe rí rèé, n ò ṣe mọ́."

Jùwọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ní ìyá náà ò dé Èkó rí ni. Ó wá sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti fẹ́ jẹ́wọ́ pé Mowe làwọn wà, kí ara lè tu gbogbo èèyàn. Ìyá Jùwọ́n na ṣíbí ọbẹ̀ sí i.

"Tí o bá sọ ọ́, ìyá ẹ lo sọ di òpùrọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Muṣin ló mọ̀ pé Èkó la wà. Èkó náà la wà."

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túká pátápátá. Láfẹ̀mọ́júmọ́, Ìyá Jùwọ́n á jí, á máa gbàdúrà bí ẹni tó ń lé ìkookò. Ní yàrá kejì, Ìyá Àjíbíkẹ́ á ti tẹ́ ẹní, á máa kírun sùbúhì. Olúkúlùkù wọn gbọ́ ẹnì kejì, olúkúlùkù sì ń rò ó lọ́kàn pé ẹni tó ń jí bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní irú àsìkò yìí, kò lè burú tán. Wọn ò sọ ọ́ fún ara wọn.

Jùwọ́n náà ń gbìyànjú. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá dé, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àjíbíkẹ́, á la ẹnu, ìyá rẹ̀ á wúkọ́ láti ilé ìdáná, Jùwọ́n á sì pa ẹnu dé. Ọmọlabí ń pè é lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń bi í: "Ṣé o ti sọ ọ́?" Ó ń ní òun máa sọ ọ́. Ọmọlabí ń pa fóònù láìdágbére. Jùwọ́n wá ń rò ó pé bóyá ojo lòun, pé ọkùnrin tó ń gun òrùlé ilé alájà kiri lọ́jọ́ gbogbo, ikọ́ ìyá rẹ̀ ló ń já a láyà.

Ní Ọjọ́rú, nígbà tí ọ̀sẹ̀ dé ìdajì, Ìyá Àjíbíkẹ́ gbé àpò rẹ̀ kọ́ sí iwájú, ó ní òun fẹ́ lọ wo Èkó. Ó rìn títí dé ìkóríta. Ó ti múra pé òun ò ní gbójú sókè wo ilé alájà, àmọ́ kò rí èyí tó máa gbójú sókè wò. Páànù ló rí, ó rí ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ tábìlì aláàtúnṣe fóònù, ó rí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀gẹ́ náà dára. Ibi tó ti ń wo ẹ̀gẹ́ yẹn ló ti gbọ́ tí wọ́n ń pè é láti ẹ̀yìn. "Ìyá Àjíbíkẹ́!" Kò yíjú. Wọ́n tún pè é. Ó di àpò mú, ó yára ẹsẹ̀. Ọlọ́kadà kan bá yípo wá síwájú rẹ̀, ó dúró. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa ló so mẹ́yìn. Ògúnkànmí ni, tó múlé tì í ní Ibogun.

"Ògúnkànmí, kí lo wá ṣe l'Ékòó?"

Ògúnkànmí wò ó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Èkó wo, Ìyá?"

"Èyí tí a wà yìí."

"Mowe rèé, Ìyá. Ọ̀nà Ọ̀fàdà ni mo gbà wá. Ìyàwó mi ń gbé ẹ̀wà kaná nígbà tí mo ń jáde, kò ní tíì rọ̀ tí n ó fi padà dé."

Ìyá Àjíbíkẹ́ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, Ògúnkànmí ò sì mọ̀gbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Mowe. Ibi tí èèyàn lè lọ tí kò ní gbàgbé aṣọ lórí okùn. Ohun tó ti dì mọ́ ọn láyà láti ìgbà tí òjò ti pa aṣọ ìyá Ọmọlabí, ó tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mí kanlẹ̀.

Ìgbà tó mí kanlẹ̀ tán ni inú wá bí i. Wọ́n fi òun gun afárá. Wọ́n ní kí òun máa gbé àpò wẹ̀.

Ó ní kí Ògúnkànmí padà lọ jẹ ẹ̀wà rẹ̀, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ríra.

"Ọmọkùnrin yẹn lẹ́nu," ó ní. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ lè gba ibẹ̀ jáde. Tó bá jẹ́ kí n kúrò nílé ẹ̀ láìsọ ọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn ààrò mi ló ń gbé, kò ní fẹ́ Ọmọlabí."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Jùwọ́n ò mọ àlejò rẹ̀ mọ́. Ó kí gbogbo ojúlé. Ó jẹ iyán, ó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i. Ó ń pe Ìyá Jùwọ́n ní ọ̀rẹ́ òun. Àmọ́ ó ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, òkun tí wọ́n ní ó wà l'Ékòó dà?"

Ìyá Jùwọ́n ní ó wà níwájú díẹ̀.

"Afárá tó gùn lórí omi yẹn ńkọ́?"

Ìyá Jùwọ́n ní ìyẹn náà wà níwájú díẹ̀.

"Ẹ̀gẹ́ Èkó yìí mà dára o," ni Ìyá Àjíbíkẹ́ wí, ó sì gé ẹran jẹ. Jùwọ́n tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó máa lọ, Mùsáfírù gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sẹ́nu géètì. Ọmọlabí ti dé láti Ajuwọn. Jùwọ́n wò ó, ó rí i pé ó gbé báàgì ńlá kan dání, irú èyí tí èèyàn fi ń lọ sílé. Ó ti múra àtibá Ìyá Àgbà padà. Kò kí Jùwọ́n, ilẹ̀ ló ń wò.

Ìyá Àjíbíkẹ́ jáde, ó ti wé gèlè. Ó na àpò aláwọ̀ ewé náà sí Jùwọ́n pé kó bá òun gbé e. Ọwọ́ ẹlòmíràn ò tíì kan àpò yẹn láti ọjọ́ tó ti dé.

"Ọmọ mi," ó ní, "wọ́n á bi mí nílé pé níbo ni mo ti ń bọ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ìyá Jùwọ́n wúkọ́. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé Èkó ni, Màmá."

"Ọmọ yín ni mo bi."

Jùwọ́n wo ìyá rẹ̀. Ó wo Ọmọlabí, tó ti di báàgì rẹ̀ mú gírígírí. Ó rọra gbé àpò kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí kọnkéré náà, ó fi àyà kan ilẹ̀.

"Mowe ni, Ìyá. Ìpínlẹ̀ Ògùn. N ò gbé Èkó láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Irọ́ ni mo pa fún Ọmọlabí, mo tún jẹ́ kí wọ́n fi parọ́ fún yín. Ìyá mi ò mọ̀ sí i, èmi ni. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ gba Ọ̀fàdà, ẹ ò ní pẹ́ délé."

Ìyá Jùwọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mùsáfírù ń fi aṣọ nu gíláàsì ọkọ̀ tí kò dọ̀tí.

"Kí ló dé tí o ò ti sọ ọ́?" ni Ìyá Àjíbíkẹ́ bi Jùwọ́n.

"Ojú ló ń tì mí, Ìyá. Mo rò pé Mowe kéré."

Ìyá Àjíbíkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó tú àpò náà fúnra rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Ìyá Jùwọ́n nàgà wò, ó fẹ́ mọ wúrà tí wọ́n ń gbé wẹ̀. Ìró àdìrẹ tó ti ṣá ló jáde. Ọmọlabí mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ló ti ń rí i nínú àpótí, tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

"Mo mú un dání pé bóyá màá pàdé ìyá ẹ l'Ékòó," Ìyá Àjíbíkẹ́ sọ fún un. "Kí n fún un ní aṣọ ẹ̀. Mo wá ẹni tí mo wá, kò sí níbí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ó na ìró náà lé ọmọ náà léjìká. "Gbà. Kò sí ẹni tó ń sọnù ní Mowe."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Ọmọlabí. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó fi ìró náà bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ìyá Àjíbíkẹ́ fi ẹsẹ̀ tọ́ Jùwọ́n ní èjìká.

"Dìde. Ọjọ́rú ni mo ti mọ̀ pé Mowe ni. Ẹnu ẹ ni mo ń dúró dè. Mo ti gbà. Mú àwọn èèyàn ẹ wá tọrọ ìyàwó, kí ẹ sì gba ọ̀nà tó tọ́ wá. Mùsáfírù, wàá gbé mi gba Ọ̀fàdà. Bí o bá fi mí gun afárá kankan, wàá rí mi."

Jùwọ́n dìde, erùpẹ̀ kún àyà rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọmọlabí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n gbé jáde nínú kànga. Ọmọlabí gbá a ní èjìká, kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò. Ìyá Jùwọ́n fò sókè, ó gbé orin ọpẹ́, ó dì mọ́ Ìyá Àjíbíkẹ́, ìyẹn náà dì mọ́ ọn, àpò ò sì sí láàárín wọn.

Ìyá Àjíbíkẹ́ ti jókòó sínú ọkọ̀, Mùsáfírù ti ṣáná sí i, kí Ìyá Jùwọ́n tó tẹ̀ sójú fèrèsé. Ó ti nu ojú, ó ti tún gèlè ṣe, ara ti tù ú.

"Ẹ ṣé gan-an, Ìyá wa. Ọmọ yín ti dọ́mọ mi. Àmọ́ Mowe yìí náà, ẹ ṣáà mọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n sí Èkó. Ìyàwó wa ti di ará Èkó nìyẹn."

Ìyá Àjíbíkẹ́ gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹ pè é ní Èkó, ẹ pè é ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fojú ọmọ mi gbolẹ̀, ẹ gbé ẹ̀wà kaná. Kó tó rọ̀, mo ti jókòó sí pálọ̀ yín."